Orúkọ Tí Búrẹ́dì Ń Jẹ́

Ọjọ́ kẹta nìyí tí Tíṣà Nathan ti pa ẹnu dé mọ́ oúnjẹ. Edith, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í lórí àpótí kékeré, abọ́ ẹ̀kọ mímu lọ́wọ́ òsì, ṣíbí lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀kọ náà sì ti tutù títí ó fi hu awọ lójú. Ó gbé ṣíbí dé ètè bàbá náà. Ètè kò là. Ó tún gbé e. Bàbá rọra yí ojú sí ògiri, bí ẹni tí àlejò tí kò fẹ́ rí wọlé tọ̀ wá.

Kì í ṣe pé kò lè gbé nǹkan mì. Àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó kọlù ú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, bí ó ti tẹ̀ ba tí ó ń so okùn bàtà láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kó ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ là kedere. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé ó ń jẹ, ó ń mu. Láti ìgbà náà, omi tí Edith ń fi òwú kán sí i létè nìkan ni ó ń gbà.

Dókítà tí ó wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò fi epo bọ iyọ̀. Ó ní bí oòrùn Ọjọ́rú bá wọ̀ tí bàbá kò tíì jẹun, kí wọ́n gbé e wá sí ọsibítù, kí àwọn ti ọ̀pá oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bí àyà bàbá ti ṣe aláìlágbára tó yìí, òun kò lè ṣèlérí pé yóò ti ibẹ̀ padà wálé.

Ọjọ́rú náà ni a wà yìí. Oòrùn ti kúrò lórí òrùlé ilé wọn ní Ibẹrẹko, ó ti ń rọra kọjá sí apá Gbaji.

Ẹni tí kò bá mọ Tíṣà Nathan tẹ́lẹ̀ kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yìí ti wúwo tó. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó fẹ̀yìntì, kì í sì í ṣe gírámà ni òkìkí rẹ̀ fi kàn bí kò ṣe ìpè ọ̀rọ̀. Ó lè lo wákàtí kan gbáko láti fi han kíláàsì bí wọn yóò ti fi ṣóńṣó ahọ́n kan eyín òkè kí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo tó jáde bí ó ti yẹ. Ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ, òun ni ó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní gbogbo ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìyá àgbà tí kò gbọ́ ohun tí ó ń kà a sì máa mi orí, pé ohùn ọmọ yẹn ń tuni lára.

Nínú ilé, òfin kan ni ó fi lélẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ òun, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ rẹ̀, kí ó sì pè é dáadáa. Bí kò bá pè é dáadáa, kò ní í nà án, kò ní í bá a wí. Kò kàn ní í dá a lóhùn ni. Edith jẹ́ ọmọ ọdún méje ní ọjọ́ tí ó tọrọ búrẹ́dì nídìí tábìlì tí ahọ́n rẹ̀ kò sì gbé e. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé atẹ́gùn ni ó fẹ́ kọjá. Ọmọ náà tún un pè títí ẹkún fi gbọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ̀, obìnrin Ẹ̀gbá tí ó bẹ̀rù òfin ọkọ rẹ̀, wo ilẹ̀. Ebi ni ọmọ náà gbé lọ sórí ibùsùn.

"Búrẹ́dì kì í ṣe èdè kankan," ni bàbá máa ń wí. "Ẹ yá aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ẹ gé e lápá, ẹ wá ní tiyín ni." Àti tábìlì, àti bọ́tà, àti kọ́ọ̀bù, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá tí ẹnu Yorùbá ti pọ́n di tirẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n.

Ní ti èdè Ègùn tí ìyá tirẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ní abúlé etí ọ̀sà lẹ́yìn Ajara, kò jẹ́ kí ó ré ẹnu ọ̀nà ilé òun kọjá rárá. Kí ìyá Edith tó sùn nínú Olúwa ni ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, wọ́n ní kí Nathan dìde kàwé. Ahọ́n Ègùn rẹ̀ hàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀, kíláàsì sì rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fúnra rẹ̀ fi ń nu omijé ẹ̀rín nù. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í fi òun àti àwọn ọmọ òun rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí àìsàn náà dé, Michael, àbúrò Edith tí ó wà ní Kánádà, ni ó wá obìnrin kan tí ń jẹ́ Ọláfúnkẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ àwọn tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kí Ọláfúnkẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé èdè wo ni aláìsàn ń sọ nílé, Michael kọ Gẹ̀ẹ́sì. Edith rí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ṣáà ni, bí òtítọ́ bá jẹ́ ohun tí òfin ilé wí.

Ọláfúnkẹ́ ṣe ohun tí fọ́ọ̀mù sọ fún un. Ó kó àwòrán wá, ife, bàtà, ẹja, búrẹ́dì, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró. Onísùúrù ènìyàn ni. Ó ní kí wọ́n má da èdè pọ̀ fún bàbá, kí wọ́n fi èdè tí ó mọ̀ jù lọ bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fún un láyè kí ó gbìyànjú láti dárúkọ nǹkan kí wọ́n tó gbé e fún un. Michael ni ó sọ ìmọ̀ràn yìí di òfin. Ó ń pè láràárọ̀ láti Kánádà, ó ń béèrè bóyá Edith ń dúró ṣinṣin. Ó ní bí Dádì ti kọ́ àwọn nìyẹn, bí wọn yóò ti kọ́ Dádì nìyẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko, Edith kò bá bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó mú búrẹ́dì tí ó ti fi bọ́tà sí, ó gbé e sókè sójú bàbá, ó dúró. Òógùn bo iwájú orí ọkùnrin náà. Ọrùn rẹ̀ le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ òsì rẹ̀ di etí àga mú bí ẹni tí ń fa àwọ̀n tí ó kún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà jáde, ó mọ́ gaara:

"Búrẹ́dì."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ó yẹ kí Edith wólẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó yẹ kí ó sáré jáde sọ fún ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti fi ebi kọ́ ọmọdé, ẹnu rẹ̀ kì í gbàgbé. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó ń sọ pé, "Nóò, Dádì," ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀rọ̀ náà kúkúrú, bí bàbá ti fi kọ́ ọ. Bàbá wò ó. Ó tún wí pé búrẹ́dì. Edith fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe ìkà, ìfẹ́ ni. Ó rò pé bàbá ti dé ẹnu ìlẹ̀kùn, pé ó kù díẹ̀ kí ó wọlé. Ó tún un pè fún un. Bàbá wí i nígbà kẹta, omi sì ti wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ nǹkan tí ó gùn. Edith mọ̀ pé Ègùn ni, nítorí ẹni tí ń gbé Ibẹrẹko ń gbọ́ ìró rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìró ni ó ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Òfin sì ni òfin. Kò dá a lóhùn.

Nígbà tí ó wá na búrẹ́dì náà sí i nígbẹ̀yìn, bàbá ti pa ẹnu dé.

Gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe ni ó ti ṣe láti ìgbà náà. Ó din ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó se ẹja tútù lọ́bẹ̀, ó yọ egungun rẹ̀ kúrò títí ìka ń ro ó. Ó rántí Sakaráyà, àlùfáà tí ahọ́n rẹ̀ dì nínú tẹ́ḿpìlì tí ó sì béèrè wàláà ìkọ̀wé, ó wá fi bírò sí ọwọ́ òsì bàbá. Ìlà wíwọ́ ni bàbá fà, ó sì jẹ́ kí bírò jábọ́. Ó pe Ọláfúnkẹ́, wọ́n ní ó ti lọ sí ìrìn àjò, ó di Ọjọ́bọ̀. Ó pe Michael, Michael ní kí ó má ṣe ojo, pé Dádì ń dán an wò ni. Edith kò bá a jiyàn. Ó pa fóònù, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ wọ ilé ìdáná, ó fi iwájú orí ti ògiri.

Ibẹ̀ ni ìtàn kan ti wá sí i lọ́kàn, tí wọ́n kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi: àwọn ará Éfúráímù ní ìwọdò Jọ́dánì, ẹgbàá mọ́kànlélógún ènìyàn tí wọ́n pa nítorí pé ahọ́n wọn kò lè pe ọ̀rọ̀ kan bí àwọn tí ń ṣọ́ odò ti ń pè é. Láti kékeré ni ó ti ń ṣàánú àwọn tí wọ́n pa. Kò ronú rí nípa àwọn tí ń ṣọ́ odò, bóyá wọ́n ní bàbá, bóyá wọ́n ti ìsìn dé ni. Ó wá rí i báyìí pé òun náà ti dúró sí ìwọdò, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Olúwa," ó wí.

Ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tọ̀yìbátù ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Mọ́ṣúdù, obìnrin Ègùn láti Gbaji tí ó fẹ́ Mùsùlùmí kan ní Ibẹrẹko tí ó sì ń ṣe òróró àgbọn tà lẹ́yìn ilé wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Ọláfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti gbé ìgò òróró wá láti fi ra ọwọ́ Tíṣà, bí ó sì ti la ẹnu láti fi Ègùn kí i ni Edith ti fi ọ̀wọ̀ dá a dúró, pé olùkọ́ wọn kò fẹ́ kí a da èdè pọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, bí òun bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán òun yóò padà wá. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni ó ń gbé ìgò fún un, tí ó ń yí padà.

Lónìí ó na ìgò, ó rí ojú Edith, kò sì yí padà.

"Wọ́n ti jẹun?"

Edith mi orí pé rárá.

"Ọmọ yìí, yà lọ́nà."

Agbára láti dá ènìyàn dúró kò sí lára Edith mọ́. Tọ̀yìbátù bọ́ bàtà, ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bí wọ́n ti ń kí àgbà, ó fi Ègùn bi í bóyá ó jí dáadáa:

"Dàá, mì fọ́n gànjí à?"

Ojú tí ó ti kọ sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta yí padà. Tíṣà Nathan wò ó pẹ́. Ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ wúwo, àárín ọ̀rọ̀ ń já, ó ń dúró láti tún un so, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Tọ̀yìbátù ń gbà á, "ẹ̀n, ẹ̀n," ó ń bi í, bàbá ń dáhùn. Edith dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, òun kò sì gbọ́. Ó tẹ́tí bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ kan ń kàn án: tíṣà. Sùkúù. Búrẹ́dì. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò tí bàbá kórìíra, àwọn nìkan ni ó rí dì mú.

Nígbà tí ó yá, Tọ̀yìbátù fi etí ìborùn nu ojú.

"Kí ni wọ́n wí, Mà?"

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ni kí n sọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn fẹ́ wọ̀."

Obìnrin náà kọ́kọ́ bi Tíṣà ní Ègùn bóyá kí òun sọ ọ́. Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọ́n ní àwọn pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní gbogbo ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú àwọn ni àwọn fi pè é, o ní kò tíì dára."

Edith ní kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú.

"Wọn ò bínú sí ọ. Èyí tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ni àwọn kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí o fa búrẹ́dì sẹ́yìn, ojú rẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé ni àwọn rí, nídìí tábìlì. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fi ebi sun ọmọ nítorí orúkọ oúnjẹ, ìdájọ́ Ọlọ́run ni kí ebi sun òun náà. Wọ́n ní àwọn ti gbà. Kí o má gbé e wá mọ́."

Edith ti rò pé ìbínú ni. Ó ti rò pé àìsàn ni. Kò ro ó rí pé bàbá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láti san ẹ̀san ebi alẹ́ kan tí ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ kí ó má baà dà á nù. Ó fẹ́ sọ pé òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, kò sì fẹ́ pa irọ́ lẹ́bàá ibùsùn náà. Ó ní kí Ìyá Mọ́ṣúdù dúró, kí ó má túmọ̀ nǹkan kan fún wọn. Kí ó kọ́ òun bí wọ́n ti ń sọ fún bàbá ẹni pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó jẹun.

"Ìwọ? Ní Ègùn?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà láàárín omijé. "Ahọ́n rẹ ti gan bí èèpo àgbọn."

"Ẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ náà, Mà."

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni. Tọ̀yìbátù sọ ọ́ sí i létí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń fi ọwọ́ fi ibi tí ohùn ti ń ròkè àti ibi tí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀ hàn án. Edith kúnlẹ̀ síbi tí obìnrin náà kúnlẹ̀ sí. Ọkàn rẹ̀ ń lù bí ti ọmọ tí wọ́n ní kí ó dìde kàwé níwájú kíláàsì.

"Dàá," ó ní. "Mì dù nú."

Tọ̀yìbátù pa ojú dé, bí ẹni tí òkúta bá eyín rẹ̀ nínú ìrẹsì. Bàbá ń wo ọmọ rẹ̀. Kò la ẹnu. Edith tún un sọ, ó sì mọ̀ bí ó ti ń jáde pé ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún un sọ. Kò mọ̀ mọ́ iye ìgbà tí ó sọ ọ́. Ní ìta, ìmọ́lẹ̀ ti ń pupa lára ògiri, ó sì ń sọ ọ́ ṣáá, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí aṣọ ibùsùn, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ẹkún, tí ẹkún náà sì di Yorùbá: ó ní ebi náà pa òun lóòótọ́, ó ní òun kò gbàgbé, ó ní òun dárí jì, ó ní kí wọ́n má fi òun sílẹ̀.

Ọwọ́ òsì Tíṣà Nathan gbéra kúrò lórí ibùsùn. Ó rìn pẹ́ kí ó tó dé orí rẹ̀. Bàbá sọ nǹkan kan, kò gùn.

"Kí ni wọ́n wí?"

Tọ̀yìbátù fi ẹnu ṣe ṣìọ̀.

"Wọ́n ní o pè é dáadáa. Irọ́ ni o. Kò dára rárá, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wí nìyẹn."

Edith gbójú sókè. Bàbá ti la ẹnu.

Ẹ̀kọ náà ti tutù jù, ó dì, kò sì yẹ fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ gbé e kaná ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Ó bu ìdajì ṣíbí. Ọ̀fun bàbá gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bu òmíràn. Ní ẹ̀kẹta bàbá wú ikọ́, ẹ̀kọ dà sí i ní àgbọ̀n, àwọn obìnrin méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú láìmọ̀ títí ikọ́ náà fi lọ. Ó tún la ẹnu. Fóònù ń dún lórí tábìlì, orúkọ Michael ni ó ń tàn lójú rẹ̀, ó dún títí ó fi dákẹ́, nítorí pé ọwọ́ Edith kan wà lábẹ́ àgbọ̀n bàbá rẹ̀, èkejì sì di ṣíbí mú.

Ó ṣẹ́ kù bí ìlàjì abọ́ nígbà tí bàbá dúró láti mí. Ó wo ojú Edith, ó sì tún sọ nǹkan kan ní Ègùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń bá ará ilé rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lásán. Tọ̀yìbátù ti bọ́ sí ilé ìdáná láti gbé omi kaná. Edith kò mọ ohun tí ó wí.

Ó dá a lóhùn.